Ojú Tí Ń Fò àti Ìrántí Ìgbà Díẹ̀

Bí ènìyàn bá ń ka ìwé, ohun tí ó máa ń rò ni pé ojú òun ń tẹ̀ lé ìlà ọ̀rọ̀ náà ní wọ́ọ́rọ́wọ́, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí omi ti í ṣàn nínú àgbàrá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ojú kì í ṣàn lórí ìwé. Fífò ni ó ń fò. Yóò bà lé ọ̀rọ̀ kan, yóò dúró níbẹ̀ fún ìgbà kúkúrú, yóò sì tún fò lọ bà lé òmíràn, bí àdàbà tí ń ṣa ọkà jẹ nílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1879 ni àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù, tí Émile Javal ará Faransé àti Ewald Hering ará Jámánì wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í fi èyí yé aráyé. Ẹni tí ó bá sì ń ṣe iyèméjì lè dúró níwájú dígí kí ó tẹjú mọ́ ẹyinjú rẹ̀ ti òsì, kí ó sì yára wo ti ọ̀tún. Bí ó tilẹ̀ ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní rí ẹyinjú ara rẹ̀ kí ó mira. Ṣùgbọ́n ẹnìkejì tí ó bá dúró tì í yóò rí fífò náà gbangba. Ìyẹn ni pé ní àkókò tí ojú bá ń fò lọ́wọ́, ènìyàn kì í rí ohun kan tí ó ní láárí.

Kí ló dé tí ojú fi ń dààmú ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ìdí rẹ̀ ni pé ibi tí ó ti ń ríran kedere kéré jọjọ. Ní ẹ̀yìn ẹyinjú, nínú lọ́hùn-ún, ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí àwòrán gbogbo ohun tí ènìyàn ń wò máa ń bọ́ sí. Láàárín awọ yìí ni ọ̀gangan kékeré kan wà tí ó mú ju gbogbo ibi yòókù lọ. Bí ènìyàn bá na apá rẹ̀ gbọọrọ síwájú tí ó sì gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sókè, kò ju ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò náà lọ tí ọ̀gangan yìí lè rí lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ohun tí ó kù ní ẹ̀gbẹ́, bàìbàì ni ojú ń rí wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn kì í fura. Nítorí náà ojú kò lè jókòó sójú kan. Nǹkan bí ìgbà mẹ́ta ni ó ń fò láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, àpapọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí ènìyàn bá jí títí di ìgbà tí ó bá sùn sì lé ní 100,000.

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ti di ìyanu. Bí ojú bá ti fò, àwòrán inú rẹ̀ ti yí padà pátápátá. Igi tí ó wà ní àárín awọ ẹ̀yìn ojú ní ìṣẹ́jú-àáyá tí ó kọjá ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ilé tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ti bọ́ sí àárín. Síbẹ̀ ayé kò fì síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tí ó rò pé igi náà ti ṣípò padà. Ó ní láti jẹ́ pé ohun kan wà nínú ọpọlọ tí ń di ohun tí ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mú fún ìgbà díẹ̀, títí ojú yóò fi rí èkejì, tí ó sì ń so àwọn méjèèjì pọ̀. Ohun yìí ni àwọn amòye ń pè ní ìrántí ìgbà díẹ̀ ti ojú. Kì í ṣe irú ìrántí tí àgbàlagbà fi ń sọ ìtàn ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ fún ọmọ-ọmọ. Ìrántí tí kì í ju ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ ni. Àwọn amòye ti bi ara wọn léèrè nípa rẹ̀ pé: báwo ni ó ti tóbi tó? Báwo ni ó ti ń pẹ́ tó? Ṣé ibi tí nǹkan wà nínú ayé ni ó fi ń dá nǹkan mọ̀, tàbí ibi tí àwòrán nǹkan náà bọ́ sí nínú ojú? Ìbéèrè kẹta yìí ni ó le jù, òun náà ni ó sì dùn jù.

Ní ọdún 1960, George Sperling, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde tí àwọn ènìyàn kò tíì gbàgbé títí di òní. Ó lo ẹ̀rọ kan tí ó lè fi ìwé hàn lójijì kí ó sì mú un kúrò lójijì. Lẹ́tà 12 ni ó tò sí ìlà mẹ́ta, mẹ́rin ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ náà yóò fi wọ́n hàn fún ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú-àáyá, lẹ́yìn èyí wọn yóò pòórá. Àkókò náà kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè ráyè fò láti orí ọ̀kan dé orí èkejì. Lẹ́yìn náà ni yóò ní kí ẹni tí ó wò wọ́n kọ gbogbo èyí tí ó bá rántí sílẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin tàbí díẹ̀ lé ní mẹ́rin ni àwọn ènìyàn máa ń rí kọ. Wọn a sì máa wí ọ̀rọ̀ kan náà: pé àwọn rí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí àwọn ti ń kọ ọ́ ni ìyókù ń sá lọ mọ́ àwọn lọ́wọ́.

Ẹlòmíràn ì bá ti kà á sí àwáwí lásán. Sperling kò kà á sí bẹ́ẹ̀. Ó dá ọgbọ́n kan. Bí lẹ́tà bá ti pòórá tán, yóò mú kí ìró kan dún: bí ìró náà bá lọ sókè, kí ẹni náà kọ ìlà ti òkè nìkan, bí ó bá wà ní àárín, kí ó kọ ìlà àárín, bí ó bá sì lọ sílẹ̀, kí ó kọ ti ìsàlẹ̀. Kò ní ṣòro fún ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá láti mọ ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ìró mẹ́ta bẹ́ẹ̀, nítorí orí òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni èdè rẹ̀ dúró lé. Kò sí bí ẹni tí wọ́n ń dán wò ti lè mọ èyí tí yóò dún kí ó tó dún. Síbẹ̀, ìlà yòówù kí wọ́n béèrè, nǹkan bí lẹ́tà mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ó máa ń rí kọ. Ìṣirò ibẹ̀ kò le: ẹni tí ó bá lè sọ mẹ́ta nínú mẹ́rin ní ìlàkílà tí wọ́n bá yàn fún un lójijì, ó ní láti jẹ́ pé nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú 12 ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àkókò náà. Àwọn ènìyàn náà kò purọ́. Wọ́n rí wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ìró bá pẹ́ tó ìṣẹ́jú-àáyá kan kí ó tó dún, àǹfààní náà ti parẹ́, iye tí ó sì wà lọ́wọ́ wọn kò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Apá kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí àwọn ènìyàn kì í sábà mẹ́nu bà, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó kan ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí jù. Sperling tún ṣe ìdánwò náà ní ọ̀nà mìíràn. Ó da lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀ mọ́ ara wọn, ó sì béèrè lẹ́tà nìkan tàbí nọ́ńbà nìkan, láìka ibi tí wọ́n wà sí. Lọ́tẹ̀ yìí àǹfààní náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mọ́. Ohun tí èyí fi hàn ni pé àwòrán tí ó kù sẹ́yìn nínú ojú fún ìgbà kúkúrú yẹn kò tíì pín sí oríṣi. Ibi tí nǹkan wà ni kọ́kọ́rọ́ tí ó ń ṣí i. Ó dà bí abà tí ó ṣókùnkùn. Ẹni tí ó bá mọ igun tí wọ́n kó iṣu sí lè na ọwọ́ mú un, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ní kí ó ṣa igángán kúrò nínú iṣu funfun yóò kọ́kọ́ wá fìtílà.

Ní ọdún 1974, W. A. Phillips, ní Yunifásítì Stirling ní ilẹ̀ Scotland, tẹ̀ síwájú láti ibẹ̀. Àwòrán tí ó lò dà bí ojú àwọ̀n: ó pín sí ojú kéékèèké onígun mẹ́rin, àwọn kan dúdú, àwọn kan funfun, láìní ètò kankan. Ẹ̀rọ yóò fi àwòrán kan hàn fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò mú un kúrò, yóò sì fi èkejì hàn lẹ́yìn àlàfo kan. Ẹni tí ń wò yóò sọ bóyá ọ̀kan náà ni méjèèjì, tàbí ojú kan ti yí padà nínú rẹ̀. Bí àlàfo náà bá kúrú gan-an, bí àwòrán náà ti wù kí ó díjú tó, ẹni náà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì í. Ibi tí ó yí padà a máa fò mọ́ ọn lójú. Bí àlàfo bá gùn, àwọn àwòrán tí ó rọrùn ṣì ń yé e, ṣùgbọ́n àwọn tí ó díjú bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú mọ́ ọn lójú.

Ìgbà náà ni Phillips wá ṣe ohun tí ó mú kí iṣẹ́ rẹ̀ lókìkí: ó sún àwòrán kejì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ti àkọ́kọ́ wà. Sísún díẹ̀ yìí ba ìrọ̀rùn ti àlàfo kúkúrú jẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kò ṣe ti àlàfo gígùn ní nǹkan kan. Ó hàn gbangba pé oríṣi ìrántí méjì ni ó wà níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ tóbi, ó gba ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n ó lẹ̀ mọ́ ibi tí ó ti rí nǹkan bí ìgbà tí wọ́n fi ìṣó kan àwòrán mọ́ ògiri; bí nǹkan bá ti kúrò ní ibẹ̀, ìrántí náà ti di aláìwúlò. Èkejì kéré, kò gba púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé gbé káàkiri. Èkejì yìí ni ìrántí ìgbà díẹ̀ gan-an. Òun náà ni ojú ń gbé dání nígbà tí ó bá ń fò, nítorí nígbà tí David Irwin, ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1992 lórí ohun tí ènìyàn lè rántí láti ẹ̀yìn fífò ojú kan, lẹ́tà mẹ́ta sí mẹ́rin péré ni ó rí.

Iye yìí bá èyí tí àwọn mìíràn rí mu. Ní ọdún 1997, Steven Luck àti Edward Vogel, ní Yunifásítì Iowa, fi àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké tí wọ́n ní oríṣiríṣi àwọ̀ dán ojú wò. Wọn a fi wọ́n hàn fún ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, wọn a fi àlàfo tí kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan sí i, wọn a sì tún fi wọ́n hàn kí ẹni tí ń wò sọ bóyá àwọ̀ ọ̀kan nínú wọn ti yí padà. Nígbà tí wọ́n jẹ́ ọ̀kan, méjì tàbí mẹ́ta, àṣìṣe kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Láti mẹ́rin lọ sókè ni ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ sí í yingin, ó sì ń burú sí i títí wọ́n fi dé 12. Èrò wọn ni pé nǹkan bí mẹ́rin ni ìrántí yìí lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́rin péré! Ẹni tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ọjà ní ọjọ́ ọjà, tí ó rò pé gbogbo ọjà ti wọ inú òun, nǹkan bí mẹ́rin ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyókù wà ní ọjà.

Àwọn nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí kì í sì í dá wà. Yuhong Jiang, Ingrid Olson àti Marvin Chun fi èyí hàn ní ọdún 2000. Àwọ̀ ni wọ́n ní kí àwọn ènìyàn rántí. Ipò tí nǹkan wà kò sí nínú ohun tí wọ́n béèrè rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n mú àwòrán kejì wá, tí wọ́n fi èyí tí wọ́n ń béèrè nípa rẹ̀ sílẹ̀ ní ipò rẹ̀ àtijọ́, tí wọ́n sì ṣí àwọn yòókù nípò, ìrántí àwọ̀ náà dín kù. Bí ará abúlé bá ń júwe ilé fún àlejò, kì í sọ pé ilé náà wà ní iye ẹsẹ̀ báyìí sí odò. Yóò ní ó wà láàárín ilé alágbẹ̀dẹ àti igi ìyeyè. Bí alágbẹ̀dẹ bá ṣí lọ tí wọ́n sì gé igi ìyeyè, àlejò náà yóò ṣìnà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé tí ó ń wá kò kúrò ní ibi tí ó wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ojú ń ṣe. Aládùúgbò nǹkan ni ó fi ń dá nǹkan mọ̀.

Nígbà náà ni ó wá ku ìbéèrè kẹta. Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà sọ ibi tí ife omi kan wà lórí tábìlì. Ó lè sọ pé ife náà wà ní igun tábìlì, lẹ́bàá àtùpà. Èyí jẹ́ òtítọ́ níbikíbi tí ó bá kọjú sí. Ó sì lè sọ pé ife náà wà ní ọwọ́ ọ̀tún ibi tí òun tẹjú mọ́. Èyí kì í ṣe òtítọ́ mọ́ ní kété tí ojú bá ti fò. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ro ọ̀rọ̀ náà yóò ní ti àkọ́kọ́ ni ó wúlò, àti pé òun ni ìrántí gbọdọ̀ máa tọ́jú, nítorí ibi tí ife wà lórí tábìlì ni ọwọ́ yóò nà sí, kì í ṣe ibi tí àwòrán rẹ̀ wà nínú ojú.

Julie Golomb àti Nancy Kanwisher, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Massachusetts Institute of Technology ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dán èyí wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní ọdún 2012. Wọ́n ní kí ènìyàn tẹjú mọ́ àmì kan, wọ́n sì fi ibì kan hàn án fún ìgbà kúkúrú pé kí ó rántí. Lẹ́yìn náà àmì tí ó tẹjú mọ́ yóò ṣípò, ojú rẹ̀ yóò sì tẹ̀ lé e. Nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀kan, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ó bá parí, yóò fi ibi tí ó rántí hàn. Wọ́n béèrè ti ayé lọ́wọ́ àwọn kan nígbà mìíràn, èyíinì ni ojú ibi náà gan-an. Wọ́n sì béèrè ti inú ojú nígbà mìíràn, èyíinì ni ibi tí ó jìnnà sí àmì tuntun gẹ́gẹ́ bí ti àkọ́kọ́ ti jìnnà sí àmì àtijọ́. Ohun tí wọ́n rí yà àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ìrántí ti inú ojú, èyí tí ó dà bí ẹni pé kò wúlò fún nǹkan kan, òun ni ó péye jù. Èyí tí ó sì burú jù ni pé bí ojú ti ń fò sí i ni àṣìṣe ti ayé ń pọ̀ sí i, nígbà tí ti inú ojú dúró bí ó ti wà.

Ìtumọ̀ rẹ̀ tí ó rọrùn jù lọ ni pé ọpọlọ kì í kọ ibi tí nǹkan wà nínú ayé sílẹ̀ tààrà. Ibi tí ó wà nínú ojú ni ó ń kọ, bí ojú bá sì ti fò, yóò tún ìṣirò náà ṣe láti fi mọ ibi tí ó wà nínú ayé. Ìṣirò yìí dára, ṣùgbọ́n kò pé pérépéré. Ó dà bí epo tí ènìyàn ń dà láti inú igbá kan sí inú òmíràn: epo náà ni, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí ó bá dà á, díẹ̀ a lẹ̀ mọ́ ìdí igbá.

Pé ọpọlọ ń ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àbá lásán. Hermann von Helmholtz, ọ̀mọ̀wé ńlá ará Jámánì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, pe àkíyèsí ènìyàn sí ohun kan tí ọmọdé pàápàá lè dán wò. Bí ènìyàn bá di ojú kan, tí ó sì fi ìka rọra ti ìpéǹpéjú kejì ní ẹ̀gbẹ́, gbogbo ayé yóò dà bí ẹni pé ó mì. Bẹ́ẹ̀ ìmira ẹyinjú yìí kò tó èyí tí ó ń mira fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nígbà tí ojú bá fò fúnra rẹ̀, ọpọlọ ni ó pàṣẹ, nítorí náà ó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ìka ń bọ̀. Ní ọdún 1992, Jean-René Duhamel, Carol Colby àti Michael Goldberg rí àmì ìmọ̀tẹ́lẹ̀ yìí nínú ọpọlọ ọ̀bọ. Apá kan wà ní òkè ọpọlọ, sí ìhà ẹ̀yìn, tí ẹ̀yà tíntìntín kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ní ìwọ̀n àyè tí ó ń ṣọ́, bí ọdẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò tirẹ̀. Wọ́n rí i pé bí ọ̀bọ náà bá fẹ́ gbé ojú kúrò, àwọn kan nínú àwọn ọdẹ wọ̀nyí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn sí ohun tí ó wà ní àdúgbò tí wọn yóò máa ṣọ́ lẹ́yìn fífò náà, kí ojú tó kúrò ní ibi tí ó wà.

Bí ìrántí ìgbà díẹ̀ bá kéré tó báyìí, tí ó sì ń jò díẹ̀díẹ̀ bí ojú ti ń fò, báwo ni ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ láìṣubú? Dana Ballard, Mary Hayhoe àti Jeff Pelz, ní Yunifásítì Rochester, dáhùn èyí ní ọdún 1995. Wọ́n to àwọn igi kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi sí ibì kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, wọ́n sì ní kí ènìyàn to irú rẹ̀ sí ibòmíràn, bí wọ́n ti ń ṣọ́ ojú rẹ̀. Igi tí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ kò pọ̀. Ènìyàn ì bá ti há apá kan rẹ̀ sórí kí ó sì gbájú mọ́ iṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn a wo àpẹẹrẹ láti mọ àwọ̀ igi kan, wọn a mú irú rẹ̀, wọn a sì tún padà wo àpẹẹrẹ náà láti mọ ibi tí yóò wà, gbogbo èyí nítorí igi kan ṣoṣo. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń da ọ̀rọ̀ kọ láti ojú pátákó, tí orí rẹ̀ ń lọ sókè sódò ní gbogbo ìgbà, iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe. Ọ̀lẹ kọ́. Bí ohun tí ènìyàn ń wò bá wà nítòsí tí kò sì lọ, ó rọrùn láti tún wò ó ju láti rù ú sórí lọ. Nígbà tí wọ́n gbé àpẹẹrẹ náà jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ó di dandan láti yí orí kí ó tó ṣeé wò, àwọn ènìyàn náà dín wíwò kù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé púpọ̀ dání nínú ìrántí.

Àṣà àtipadà sí ojú ibi náà tilẹ̀ jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú a máa padà síbẹ̀ nígbà tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2000, Daniel Richardson àti Michael Spivey, ní Yunifásítì Cornell, fi hàn pé bí ènìyàn bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu ẹni tí ojú rẹ̀ yọ ní igun kan nínú igun mẹ́rin, tí wọ́n sì béèrè ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ a máa lọ sí igun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ṣófo. Wíwò yìí kò mú kí ìdáhùn wọn dára sí i. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2014, Roger Johansson àti Mikael Johansson, ní Yunifásítì Lund ní ilẹ̀ Sweden, béèrè ohun tí àwọn ènìyàn ti fi ojú rí, wọ́n sì darí ibi tí wọn yóò máa wò nígbà tí wọ́n bá ń dáhùn. Àwọn tí ojú wọn wà ní ibi tí nǹkan náà wà tẹ́lẹ̀ dáhùn dáradára, wọ́n sì yára ju àwọn tí ojú wọn wà níbòmíràn lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú yàrá ìdánwò nìkan. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, bẹ́ẹ̀ sì ni awakọ̀ tí ó fẹ́ já sí títì ńlá. Ó ní láti wo ọ̀tún, kí ó wo òsì, kí ó sì tún wo ọ̀tún, gbogbo ohun tí ó sì rí ní ìhà kan ni ó ní láti gbé dání nínú ìrántí nígbà tí ó bá ń wo ìhà kejì. Fún ọdún púpọ̀ ni àwọn awakọ̀ tí ó kọlu alùpùpù ní oríta ti máa ń sọ pé àwọn wo ọ̀nà náà ṣùgbọ́n àwọn kò rí i, tí àwọn ènìyàn sì ń pè wọ́n ní òpùrọ́ tàbí aláìbìkítà. Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi àwọn awakọ̀ sínú ọkọ̀ àfarawé tí àwòrán títì yí i ká, wọ́n sì ṣọ́ ojú àti orí wọn. Lẹ́yìn tí awakọ̀ bá ti gba oríta kọjá, wọn a bi í pé ọkọ̀ wo ni ó ń bọ̀. Àwọn kan wà tí wọn kò lè dárúkọ alùpùpù tí ó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ó wà ní àkọsílẹ̀ pé ojú wọn ti bà lé e. Kì í ṣe pé wọ́n kánjú wò ó ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ohun tí ó mú ìyàtọ̀ wá ni èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti rí i: bí wọ́n ti yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún tó, tí wọ́n sì wo nǹkan mìíràn tó, kí wọ́n tó kọjá tán, bẹ́ẹ̀ ni alùpùpù náà ń bọ́ kúrò lọ́kàn wọn. Wọ́n rí i, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ẹni tí ó wà lórí alùpùpù kò sì ní bí yóò ti mọ̀ pé awakọ̀ tí ó ti kọjú sí òun ti gbàgbé òun.

Ìmọ̀ràn tí àwọn olùwádìí náà mú wá rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí awakọ̀ bá ti rí alùpùpù ní oríta, kí ó la ẹnu rẹ̀ kí ó sì sọ ọ́ jáde pé, "Alùpùpù!" Ìdí rẹ̀ wà nínú ohun tí Alan Baddeley àti Graham Hitch ti sọ láti ọdún 1974, pé ìrántí ìgbà díẹ̀ kì í ṣe ilé oníyàrá kan, yàrá tí ọ̀rọ̀ ẹnu ń gbé yàtọ̀ sí èyí tí ohun tí ojú rí ń gbé. Bí orí bá yí sí òsì, tí ojú sì fò lọ bà lé nǹkan tuntun mẹ́rin, àwọn wọ̀nyí lè lé alùpùpù kúrò nínú yàrá ti ojú. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ tí awakọ̀ ti dá pè ṣì wà nínú yàrá kejì, níbi tí fífò ojú kò dé.